Ojú Kádínà Morvani

Imú rẹ̀ ni Taddeo kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ létí odò Tiber, ó ń fún aṣọ. Bó ṣe gbójú sókè, Taddeo dúró sójú kan. Imú Kádínà Morvani gan-an nìyẹn, àti iwájú orí rẹ̀ gbọọrọ.

Kádínà ti kú. Don Prospero, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ní kí Taddeo gbẹ́ ojú olóògbé sára òkúta mábù fún ilé àdúrà ẹbí wọn, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n fún un kò ní ẹ̀mí rárá.

“Kí lò ń wò?” ni ọmọbìnrin náà bi í. “Ṣé o ò rí afọṣọ rí ni?”

“Ẹ má bínú. Ojú yín ni mo fẹ́ yá.”

“Ìgbà wo lo máa dá a padà?”

Ortensia lorúkọ rẹ̀. Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Taddeo, wọ́n ń ṣàwàdà, òkúta ń di ènìyàn. Kò pẹ́ tí Taddeo fi ń fọwọ́ fa iṣẹ́ kó má baà tètè parí.

Ọ̀sán kan ni Ortensia sọ ọ́ jáde: “Kádínà yìí, bàbá mi ni. Ìyá mi ló ń fọṣọ fún un. Ó máa ń súre fún gbogbo ilé, kò wojú mi rí.”

Taddeo di ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó mú. “Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n fẹ́ ẹ.”

“Orí ẹ ti dàrú,” ló wí, ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Nígbà tí Don Prospero dé, ère náà jọ olóògbé débi pé ó ṣí fìlà. Ló bá rí Ortensia tó ní ojú kan náà, tí Taddeo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú Don Prospero yí padà.

“Kí eléyìí lọ di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í lọ́kọ, àwa la máa gbọ́ bùkátà ẹ̀. Taddeo, bó o bá fẹ́ ẹ, o ò ní gbẹ́ ère mọ́ ní Róòmù.”

“Di iṣẹ́ ẹ mú,” ni Ortensia sọ jẹ́jẹ́. “Ó ti mọ́ mi lára kí wọ́n má mọ̀ mí.”

“Kò mọ́ èmi lára,” ni Taddeo dáhùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Trastevere ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, láìsí bàbá tó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó kúrò nílùú, wọ́n lọ wo ère náà nílé àdúrà ẹbí Kádínà. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹbí nìkan ló ń wọlé.”

Taddeo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ortensia fà á lápá.

“Jẹ́ ká máa lọ, ọkọ mi. Viterbo jìnnà.”

Òkúta ojú ọ̀nà ni Taddeo ń gé níbẹ̀ títí ó fi darúgbó. Kò gbẹ́ ojú ẹnikẹ́ni mọ́.