Orúkọ Kejìlá

Kámáráàdì Olúwọlé fi ẹfun fa ìlà gígùn kan sára pátákó, láti Ṣábẹ, ìlú wọn, lọ sí Kétu, láti Kétu dé Ìlárá níbi ibodè Nàìjíríà. Ìlà náà gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá, ó sì dúró sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Níbẹ̀ ló ti ya omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó yà jọ irùngbọ̀n bàbá arúgbó ju omi lọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ," ni olùkọ́ náà wí. "Ọjọ́ tí omi yẹn bá rọ́ lù yín lórí, ẹ ó mọ̀ pé mi ò mọ àwòrán yà."

Ayé ìgbà náà dùn, bó tilẹ̀ le. Ìjọba sójà ló wà lórí oyè, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, wọn a gbé ọkọ́ lé èjìká, wọn a forí lé ọ̀nà Bẹ̀sẹ́, wọn a lọ ṣiṣẹ́ ní oko kọperatíìfù ilé ẹ̀kọ́. Oòrùn a pa wọ́n bí ẹni máa kú, síbẹ̀ orin kì í tán lẹ́nu wọn. Títí di òní, bí Àbẹ̀ní bá gbọ́ òórùn ẹ̀pà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú, ọkàn rẹ̀ a máa fà sí àwọn Ọjọ́rú wọ̀nyẹn.

Owó àgbàdo àti ẹ̀pà ọdún náà ni yóò gbé wọn lọ wo omi. Ṣùgbọ́n bàṣé Moustapha awakọ̀, ọkọ̀ Pijó tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè gbà ju akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá lọ, kíláàsì sì lé ní ogójì. Kámáráàdì Olúwọlé ní àwọn méjìlá tó wá sóko jù lọ ni yóò lọ. Orúkọ wọn ni wọn yóò tẹ̀ sínú lésépasé, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí ìjọba máa lu òǹtẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà kò lè kọjá ibodè.

Ọwọ́ Àbẹ̀ní ni ìwé oko wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun sì ni akọ̀wé kọperatíìfù. Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan ló ń fi kíréyọ̀n, pẹ́ńsù tó ṣeé pa rẹ́, fa àmì síwájú orúkọ ẹni tó bá wá sóko.

"Ṣé mo wà nínú àwọn méjìlá?" ni Ramatou bi í lọ́jọ́ kan, bí àwọn méjèèjì ṣe ń ti oko bọ̀. Ramatou ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ka álífábẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ lo ṣe ìkejìlá. Ibà tó dá ọ gúnlẹ̀ nígbà méjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ fún ọ."

Ramatou mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rìn yẹn ni màmá mi wà," ó ní. "Ọdún kẹfà rèé tí àwọn àti bàbá mi ti kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló mú mi lọ, àwọn ò ní bá ìjọba jà. Mo ti ní kí Ìyá Àdìjá tó ń ná ọjà Ìbàdàn bá mi ránṣẹ́ sí màmá mi pé mò ń bọ̀, kó sì sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wa máa dé."

Inú Àbẹ̀ní dùn fún un lọ́jọ́ yẹn, ó dùn dénú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò yé òun fúnra rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Suzanne ló fà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, Pọ̀bẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn wá. Suzanne mọ aṣọ í wọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì ń rọ́ sí lásìkò ìsinmi. Kò pe Àbẹ̀ní rí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó ku ọ̀la kí wọ́n ka orúkọ, ó pè é, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá mi máa yá mi ní ẹ̀rọ fótò wọn," ó ní. "Bí mi ò bá lọ, ta ló máa ya ìwọ ní fótò lábẹ́ omi?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo pa oko jẹ, Suzanne."

"Kíréyọ̀n ṣáà ni o fi kọ ọ́." Suzanne rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa jókòó sí nínú ọkọ̀. Gbogbo wa ti sọ ọ́."

Gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àbẹ̀ní lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pa kíréyọ̀n rẹ́, ó pa àmì mẹ́ta rẹ́ níwájú orúkọ Ramatou, ó sì fa mẹ́ta kún ti Suzanne. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé omi náà kò ní gbẹ, pé wọn yóò tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀, pé Ramatou yóò lọ nígbà náà. Ẹ má rò pé kò dùn ún. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò dá ọwọ́ dúró.

Nígbà tí Kámáráàdì Olúwọlé ka orúkọ méjìlá náà tán, Ramatou dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kámáráàdì, ẹ bá mi tún un wò."

Olùkọ́ ka àwọn àmì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mi orí. "Ohun tó wà nínú ìwé rèé, ọmọ mi."

Ramatou yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Àbẹ̀ní, ìwọ lo ń kọ ọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mi ò wá?"

"Ohun tí mo rí ni mo kọ," ni Àbẹ̀ní wí, kò sì gbé ojú sókè.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi dúró de òǹtẹ̀ ìjọba. Lójoojúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni Àbẹ̀ní lè jẹ́wọ́, kó sì lọ gba ìyà rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ráyè, nítorí àwọn ọmọ Suzanne ti ń pè é báyìí, wọ́n ń to orin tí wọn yóò kọ lọ́nà, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ru gààrì àti ẹni tí yóò ru ṣúgà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, Ramatou wá síbi ọkọ̀. Ó gbé kúlíkúlí tó fi aṣọ wé lé Àbẹ̀ní lọ́wọ́.

"Bá mi fún màmá mi. Èmi ni mo ṣe é. Mi ò rí ẹni rán sí wọn mọ́ pé mi ò lọ. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń bọ̀."

Kámáráàdì Olúwọlé dúró nítòsí, ó ń di ẹrù. Àbẹ̀ní la ẹnu. Suzanne pè é láti inú ọkọ̀ pé àyè rẹ̀ ń dúró dè é, Àbẹ̀ní sì pa ẹnu dé, ó gòkè.

Ẹni tó bá ti wọ bàṣé rí yóò mọ bí ìrìn-àjò náà ṣe rí. Eruku pupa bò wọ́n, orí ń gbá irin òrùlé, wọ́n ń kọrin títí ohùn fi há. Ní Ìlárá, aṣọ́bodè pe orúkọ méjìlá, méjìlá sì jẹ́ ẹ.

Obìnrin kan jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ síbi omi ní Ẹ̀rìn. Àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ojú àwọn ọmọbìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Suzanne ló sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Obìnrin náà sáré lọ bá a, ó fà á mọ́ra.

"Ramatou mi," ó ní. "O ti dàgbà."

Suzanne dúró gbagidi. Àbẹ̀ní rìn sún mọ́ wọn.

"Màmá, kì í ṣe òun. Ramatou ò wá. Èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Obìnrin náà tú ọwọ́ lára Suzanne díẹ̀díẹ̀. Kò ṣépè, kò pariwo. "Kí ló fi ṣe ọ́?" ó bi í.

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, Màmá."

Ó gba kúlíkúlí náà, ó sì bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí abọ́ oúnjẹ, ó bù fún gbogbo wọn, ó bù fún Àbẹ̀ní náà. Àbẹ̀ní rí omi Ẹ̀rìn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò rántí bó ṣe rí.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Kámáráàdì Olúwọlé, tó gbọ́ ohun tí Àbẹ̀ní jẹ́wọ́ ní Ẹ̀rìn, gba ìwé oko lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ náà ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò mú Ramatou lọ nígbà ìsinmi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ti gbogbo ibodè rẹ̀ pa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí i.

Ramatou ò bá Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan lóko, ó wá jókòó tì í lábẹ́ igi èmí.

"Aṣọ wo ni màmá mi wọ̀?" ó bi í.

"Àdìrẹ aláró."

"Ṣé wọ́n ti hu ewú?"

"Díẹ̀, níwájú orí."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n rò pé èmi ni wọ́n fà mọ́ra?"

"Wọ́n ní, 'Ramatou mi, o ti dàgbà.'"

Ramatou ò sunkún. Ó ní kó tún un sọ, Àbẹ̀ní sì tún un sọ. Ní gbogbo ìgbà tí ibodè fi wà ní títì ni Ramatou ń bi í, Àbẹ̀ní kò sì kọ̀ láti dáhùn rí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé èèyàn lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì lè dárí jì í, ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́ tó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn padà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sí ọmọ rẹ̀ létí, ẹnu Àbẹ̀ní ni ọmọ náà ti ń gbọ́ ọ.