Omi Tí Ṣògo Kò Mu

Òógùn bo ojú ọkùnrin náà bó ṣe ń yẹ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ oògùn kan wò ní Ìgandó, síbẹ̀ nígbà tí Hephzibah gbé omi tútù fún un, ó mirí.

“Ẹ ṣé, mà. Ẹni tí ìjọba bá rán wá yẹ iléeṣẹ́ wò kò gbọdọ̀ mu omi ibẹ̀.”

“Omi lásán? Àbí ẹ rò pé mo ti fi oògùn ìfẹ́ sí i ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo ọ̀ràn sílẹ̀.

Ọlọ́runṣògo lorúkọ rẹ̀. Hephzibah ní tiẹ̀ ló ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ iléeṣẹ́ náà. Wọ́n tún pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ṣògo ra àgbàdo sísun fún un lẹ́nu géètì, ìfẹ́ sì wọlé wẹ́rẹ́. “Ayọ̀ mi” ló ń pè é. Kò sí ọjọ́ tí fóònù wọn kì í gbóná.

Àfi bí iléeṣẹ́ Hephzibah ṣe gbé oògùn ikọ́ ọmọdé tuntun síwájú ìjọba, ni Ṣògo bá dákẹ́. Hephzibah pè é títí, kò gbé e. Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, kò wá mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló rí i ní bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure. Orí obìnrin arẹwà kan ni Ṣògo na agboòrùn sí, òjò ń pa òun alára. “Ọmọlará, rọra gòkè o,” ló wí bí obìnrin náà ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ gbà mí! Inú Hephzibah gbiná. “Agboòrùn ló ń gbé fún tiẹ̀! Èmi, àgbàdo lásán ló rà fún mi!” Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Kò pẹ́ tí aṣọ fi ń fẹ̀ mọ́ ọn lára, nítorí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé fóònù iṣẹ́ dún.

“Ẹ káàsán, mà. Ọmọlará lorúkọ mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ oògùn wò. Ìbéèrè kékeré kan wà lórí...”

Hephzibah pa á mọ́ ọn létí. Ọmọlará tún pè, kò gbé e. Ọ̀gá Hephzibah, Alàgbà Ọláyíwọlá, béèrè bóyá ìjọba ti sọ nǹkan kan.

“Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, sà.”

Irọ́ gbuu! Owú ti bò ó lójú.

Ni Ọmọlará bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Ìgandó. Hephzibah fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde. “Ẹ jókòó.” Omi tó máa ń gbé fún gbogbo àlejò, kò gbé e jáde.

“Ṣíbí tí ẹ fi sínú páálí tóbi ju ìwọ̀n tí ẹ kọ sára ìgò lọ,” ni Ọmọlará wí. “Ọmọ á mu ún jù. Ọ̀rọ̀ fóònù lásán ni, ẹ ò gbé e. Ọ̀la la fẹ́ dá oògùn náà padà, mo ní kí n kọ́kọ́ wá bá yín sọ ọ́.”

Ara Hephzibah bù máṣọ. “Kí ló dé tí kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo ló wá?”

Ọmọlará pàtẹ́wọ́. “Áà! Ẹ̀yin ni! Ó lọ bá ọ̀gá wa pé òun ń fẹ́ ẹnì kan níbí, kí wọ́n gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ títí a ó fi parí ẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ ta yín lólobó, ó ní òfin lòfin. Olóríkunkun!” Ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Hephzibah tó rí i pé ó lóyún, àti òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sáré gbé omi wá. Ọmọlará ò mu ún.

Wọ́n pààrọ̀ ṣíbí, ìjọba fọwọ́ sí oògùn náà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ṣògo dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́, ó dorí kodò.

“Èmi tí mò ń wàásù fáwọn iléeṣẹ́ pé kí wọ́n tètè máa sọ̀rọ̀, mi ò lè sọ tèmi. Má bínú, Ayọ̀ mi.”

“Ọ̀rọ̀ kan péré, Ṣògo! ‘Ní sùúrù.’ Ṣé ìyẹn á ba oògùn jẹ́ ni?” Omijé dà lójú rẹ̀. “Èmi náà, mo jowú débi pé ọmọ ọlọ́mọ ìbá fara gbá a.”

“Wọ́n ti gbé iléeṣẹ́ yín kúrò lọ́wọ́ mi pátápátá. Òùngbẹ sì ń gbẹ mí.”

Ó gbé omi fún un. Ṣògo mu ún tán, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kù.

“Ṣé o fi oògùn ìfẹ́ sí i?”

“Ìwọ tí ò ń yẹ oògùn wò, ṣé o ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí àwọn òbí mi wá mu tiwọn nílé bàbá ẹ.”

“Kí wọ́n máa bọ̀,” ni Hephzibah wí, ó nu ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n agboòrùn yẹn, gbé e wá ná. Láti òní lọ, èmi ni mo ni ín.”