Ìjókòó Ọwọ́ Òsì

Àkànmú mẹkáníìkì fi ọ̀pá wọn ẹ́ńjìnnì náà tán, ó tún fi wọn iwájú ọkọ̀, ó sì mi orí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá kan tó dojú dé lọ́nà Ìwó ni, ó gùn, ó sì sanra. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e sí kò ju ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan lọ, aláìlórùlé, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń ṣe fún eré sísá, tí kò sì gbà ju ènìyàn méjì lọ.

"Kò ní wọ̀ ọ́," Àkànmú wí, "àfi bí a bá gé irin iwájú yìí kí ẹ́ńjìnnì lè wọ inú ọkọ̀ díẹ̀. A ò lè gbé e sọ́dọ̀ awakọ̀, torí ibẹ̀ ni bíréèkì wà. Ọwọ́ òsì la máa gbé e sí. Ìjókòó ibẹ̀ yóò kúrò nìyẹn." Ó gbójú sókè wo Olúrótìmí. "Ta ló ń jókòó níbẹ̀?"

Olúrótìmí mọ ẹni tó ń jókòó níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí epo ti sọ di dúdú, ó sì dáhùn pé, "Kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló fẹ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Àkànmú ti na ọwọ́ sí ayùn irin.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Olúrótìmí ní àkókò yẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Àwọn ọdún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé igbó Bódìjà láti kọ́lé sí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ará Iléṣà ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Dùgbẹ̀. Bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan títí òyìnbó náà fi ń padà sílé, tó sì fi ọkọ̀ kékeré yìí dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, bàbá a jókòó lọ́tùn-ún, Adétóun ìyàwó rẹ̀ a jókòó lósì, wọn a há Olúrótìmí mọ́ àárín, wọn a sì rọra lọ títí dé Òjóò kí wọ́n tó yí padà. Ọkọ̀ náà kò sáré. Àwọn náà kò sì kánjú.

Ìgbà tí bàbá kú, ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́. Síbẹ̀, bí Adétóun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kì í wọlé. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbà lọ, a ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, a jókòó lórí tìmùtìmù àdìrẹ tó fi bo ibi tí awọ ìjókòó ti ya, a gbé ìwé orin rẹ̀ lé itan, a sì wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Mùsílímátù, aládùúgbò wọn, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a bi í pé ibo ló ń lọ. Adétóun a ní òun ti débẹ̀.

Àṣé bí ìyá ti dá wà náà ni ọmọ dá wà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Olúrótìmí, àwọn ọmọ kan wà tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Gbádérọ̀ ni olórí wọn. Bí ìsinmi bá dé, wọn a gba ọkọ̀ bàbá wọn lọ sọ́nà Òjóò láti bá ara wọn sáré. Olúrótìmí a dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ènìyàn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá a. Lọ́jọ́ kan, Gbádérọ̀ bi í bóyá àwọn adìyẹ ilé wọn ti ń yé ẹyin sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká a lára.

Ó lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun tún ọkọ̀ náà ṣe. Inú Adétóun dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Tún un ṣe, ọmọ mi," ó wí. "Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rìn, ibojì bàbá rẹ ni kí o gbé mi lọ."

Olúrótìmí ṣèlérí, wọ́n sì fi okùn fa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àkànmú. Àkànmú sì sọ fún un ní tòótọ́ pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò tíì kú, pé òun lè jí i, àmọ́ kò ní sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn kọ́ ni Olúrótìmí ń wá. Ó fi gbogbo ìsinmi náà bá Àkànmú ṣiṣẹ́ kí ó lè gba ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe gé irin, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, tí wọ́n sì ju ìjókòó ọwọ́ òsì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tìmùtìmù nìkan ni Olúrótìmí mú nínú rẹ̀, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó lọ sí Sábó, ó ra awọ ewúrẹ́ pupa, ó ní kí oníṣẹ́ awọ rán an sí ìjókòó tirẹ̀, sí ilẹ̀kùn, àní sórí irin tí wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì, tó wú gelete níbi tí ìjókòó ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Inú ọkọ̀ náà pupa, ó ń dán. Ojú kò lè rí i kó má wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Sátidé ló kọ́kọ́ rìn. Òjóò ni Olúrótìmí sì gbé e lọ, kì í ṣe ibojì. Ó fi Gbádérọ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́, wọ́n kígbe orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí kò ṣe dùn rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Gbádérọ̀ wá ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé àwọn láti jẹun. Wọ́n rọ́ sínú ọkọ̀ mẹ́rin mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Oyèbọ́lá, ọ̀kan nínú wọn, nìkan ló sáré wá sọ́dọ̀ Olúrótìmí, ó ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, ó rí irin tó wú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Orí ẹ́ńjìnnì lo fẹ́ kí n jókòó sí?" ó wí, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Olúrótìmí tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ní Sáńgo, èrò ya wọ àárín, kò rí wọn mọ́. Kò mọ ilé Gbádérọ̀, kò sì sẹ́nì kan nínú ọkọ̀ tó lè júwe rẹ̀ fún un. Ó padà sílé ní òun nìkan. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé.

Lọ́jọ́ kejì, Adétóun ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ tó dára jù, ìwé orin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin tí awọ pupa bò, ó rọra fi ọwọ́ pa á bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ kan orí aláìsàn. Olúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó sọ nípa irin, ó sọ nípa bíréèkì, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán lẹ́nu rẹ̀.

"Rótìmí," ìyá rẹ̀ wí, "ibo lo ní kí n jókòó sí?"

Adétóun rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi ibojì ọkọ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Iléṣà lọ́dọ̀ Àrìnpé àbúrò rẹ̀. Ó ní inú kò bí òun. Ó ní ibi kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ òun ṣì jọ ń jókòó sí ní Ìbàdàn nìyẹn, kò sì sí mọ́.

Ilé wá dákẹ́. Olúrótìmí ń dáná fún ẹnu kan, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá gbé ọkọ̀ jáde, àwọn ènìyàn a yíjú wò ó, a kọjá, ó parí. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ bá Àkànmú, ó jẹ́wọ́ pé ìyá òun ló ń jókòó níbẹ̀.

Àkànmú gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo bi ọ́, Rótìmí," ó wí. "Mo bi ọ́."

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ńlá jáde, wọ́n fi iná jó irin tí wọ́n gé pọ̀, wọ́n jí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Adìyẹ kan ti ń sàba lórí ìjókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òjò sì ti ba awọ rẹ̀ jẹ́. Olúrótìmí tú awọ pupa ara ìjókòó tirẹ̀, ó fi rán ti ìyá rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù àdìrẹ lé e, ó sì ká àpò ìdọ̀họ fún ara rẹ̀ láti jókòó lé. Báyìí ló ṣe wa ọkọ̀ náà, tó ń wúkọ́ lórí òkè, títí dé Iléṣà.

Adétóun jáde sí i. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wọlé, ó jókòó, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Olúrótìmí ní kó jẹ́ káwọn máa lọ sílé.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí. "O tún un ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà tí n kò ríbi jókòó lọ́dọ̀ rẹ, mo wá ibòmíràn, ibẹ̀ sì ti mọ́ mi lára." Ó sọ̀ kalẹ̀. Olúrótìmí fẹ́ mú tìmùtìmù náà fún un, ṣùgbọ́n ó ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ó padà sí Ìbàdàn ní òun nìkan. Bó ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, Àkànmú dá a dúró, ó wo awọ pupa àti tìmùtìmù tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó sì bi í lẹ́ẹ̀kan sí i pé ta ló ń jókòó níbẹ̀.

"Ìyá mi ni," Olúrótìmí dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kò burú kí ènìyàn fẹ́ sáré, kò sì burú kó wá ẹgbẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò láyé yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń jókòó níbẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ síta. Irin tí a gé ṣeé jó pọ̀. Ẹni tí a lé dìde lè má padà wá jókòó mọ́.