Àgbàdo Funfun Ìyá Mùkáílà

Ara àgbàdo sísè ni Mùkáílà ti kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ Sàlámọ̀tù, nínú ọjà Àpòmù, ní oṣù keje ọdún 1956. Ọmọbìnrin náà gé àgbàdo jẹ, ó rí i pé ó pọ́n, ó sì fi etí gèlè bo ẹnu kíá.

"Má bò ó. Dìsípẹ́ńsárì Ìkirè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wá kí n wò ó."

"Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ àgbàdo lẹ máa ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ nìkan ni."

Sàlámọ̀tù lọ bá a ní dìsípẹ́ńsárì. Nínú ìwé àtijọ́ tó wà lórí tábìlì, orúkọ kan ṣoṣo ni erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní: àrùn tí í jẹ egungun ìdí eyín, tí kò gbóògùn. Mùkáílà kọ ọ́ sínú káàdì. Lẹ́yìn káàdì ni ìfẹ́ dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, Àṣíáwù, ìyá Mùkáílà, ṣe ìwádìí bí àwọn àgbà ti í ṣe. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó kọ sínú káàdì. Mùkáílà kò lè purọ́.

"Wọn ò ní gbé àrùn ajẹgungun wọ ilé mi."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, fún ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún.

Ní ọdún 1960, wọ́n rán Mùkáílà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ìwé tuntun ti pín àrùn náà sí méjì. Bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín sì fìdí múlẹ̀, erìgì nìkan ló wú. Ìdọ̀tí ló fà á, ó sì ń sàn. Èyí tó ti jẹ egungun ló le. Olùkọ́ wọn ní, "Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún un pín."

Mùkáílà rántí ohun tó kọ sínú káàdì. Eyín Sàlámọ̀tù kò mì rí.

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpòmù. "Èmi ni mo ṣì í kọ sínú káàdì, Sàlámọ̀tù."

"Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ àgbàdo níwájú ẹnikẹ́ni."

Ọmọbìnrin náà fa àpótí ìjókòó kan fún un. "Jókòó. Wò ó."

Mùkáílà ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín rẹ̀ kúrò, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń fi pákò rin ìdí erìgì.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú Àṣíáwù, Mùkáílà sì sọ ohun tí ìwé tuntun wí.

"Ìwé kan ní kò gbóògùn. Òmíràn ní ó ń sàn. Bí ẹ̀kẹta bá dé ńkọ́?"

"Yóò bá ìyàwó mi nílé, Ìyá."

Àṣíáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbàdo funfun kan síwájú Sàlámọ̀tù. "Gé e."

Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá gbà á, ó gbé e sínú oòrùn, ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀.

Funfun ni.

Àṣíáwù gé tirẹ̀ níbi tí eyín Sàlámọ̀tù dé, ó jẹ ẹ́ kúnná, ó sì dá ìyókù padà.

"Ìyàwó mi, jẹ ẹ́ tán."