Gọ́ọ̀mù Líle Lábẹ́ Bíréèkì

"Zakariyah, ṣé o ò tíì ṣe tán? Wọ́n ń retí mi n'Ímẹ́rì."

Àbúdùlàhí ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Láínìn bíréèkì rẹ̀, ìyẹn awọ líle tó ń mú kí táyà dúró, ti ṣí kúrò lára irin. Mo po gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, mo fi lẹ̀ ẹ́, mo sá a sóòrùn. Ó le bí òkúta.

Kàmál, mẹkáníìkì òdìkejì títì, sọdá wá. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti kí i, láti ìgbà tó gba oníbàárà mi kan.

Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí: "Bàbá Ibtisam, gọ́ọ̀mù yẹn ti le jù fún bíréèkì."

Mi ò wò ó. "Bọ̀dá, ẹ fà á wò." Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo agbára fà á, kò ṣí.

Kàmál ní, "Bíréèkì kì í fa láínìn. Ńṣe ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ta ló bi ọ́? Lọ wá oníbàárà mìíràn jí."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ò ní dàgbà láé." Mo de bíréèkì náà padà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, láínìn náà ṣí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìdóàní. Ẹ̀gbọ́n mi já sí gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi méjì.

Mo gbé irin náà àti gọ́ọ̀mù mi lọ bá Kàmál. Ó fi gọ́ọ̀mù mi lẹ irin méjì pọ̀, ó fi oríṣi mìíràn lẹ méjì mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó fi òòlù tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tèmi sán bí gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkejì funfun díẹ̀ níbi tí òòlù ti tì í, ó sì ń ya díẹ̀díẹ̀.

"Àwọn tó ṣe èyí po ike tó ń yọ́ mọ́ ọn," ó ní. "Bó bá sán níbì kan, ike náà ò ní jẹ́ kó sán dé òpin. Síbẹ̀, mi ò lè fi lẹ láínìn. Bíréèkì ń gbóná. Tuntun ni kí èèyàn rà."

"Kí ló dé tí o ò fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ṣé wàá wò ó ni?"

Mo gbé irin mi, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fi gọ́ọ̀mù lẹ láínìn yín. Ẹ ra tuntun. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, pé gọ́ọ̀mù le kò túmọ̀ sí pé ó lágbára, bẹ́ẹ̀ ni fífi ọwọ́ fà á kì í ṣe ìdánwò. Bí ẹni tí ẹ ń bá ṣọ̀tá bá kìlọ̀, ẹ yẹ ìkìlọ̀ náà wò ná.

Èmi ni mò ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀. Kò tíì bá mi wí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.