Aṣọ Tó Dúdú Nínú Ìkòkò

"Àsíátù, ìwọ ló kàn."

Àyà Àsíátù já. Ó dìde, dísìkì pẹlẹbẹ tó mú lọ́wọ́ sì ti rin fún òógùn. Ọdún 1989 la wà yìí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé ẹ̀kọ́ kékeré tí Ìyáàfin Harriet Ògúnníyì ṣí sí Ìbarà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àfi bíi pé ìyàwó tuntun ni.

Ìdánwò ọjọ́ náà ni pé kí oníkálukú kọ ètò kan tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà ṣàfihàn iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá yege yóò máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ẹni tó bá já, ó di ilé. Ní ti Àsíátù, ọ̀rọ̀ ilé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bàbá rẹ̀, Alájì Sàlàhúdíìnì tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ti sọ fún un láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé, "Mo gbà kí o dán an wò. Bí o bá já, wàá lọ bá ìyá ẹ nídìí aró, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sì parí nìyẹn."

Àsíátù kò kórìíra aró o. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé ó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ti kọ ètò tirẹ̀ sílẹ̀ o. Èdè BASIC ló fi kọ ọ́, èdè tí Ìyáàfin Harriet fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sẹẹsẹ ni ètò náà lọ, bí ìgbà téèyàn ń rán ọmọ níṣẹ́: ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró, yọ ọ́, sá a sí atẹ́gùn, wò ó, bí kò bá tíì dúdú tó, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí kò yé e.

Àfi ìgbà tí Dìran, ọmọ kíláàsì rẹ̀, rí i lọ́sàn-án àná. Ẹnu Dìran yìí dùn bí ẹnu ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò.

"Èyí lo fẹ́ gbé síwájú tíṣà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "BASIC! Ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lókè òkun. Wo dísìkì yìí. Bándélé ẹ̀gbọ́n mi tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù ló fi èdè C++ kọ ọ́. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ aró ni ti ìdílé ẹ."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Tìẹ kàn ń to iṣẹ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kó ṣe èyí, kó ṣe tọ̀hún. Tiwa ń dá nǹkan sílẹ̀. Aṣọ wà láyè tiẹ̀, ìkòkò wà láyè tiẹ̀. Aṣọ mọ àwọ̀ ara ẹ̀, ìkòkò mọ iṣẹ́ tiẹ̀, wọ́n á wá máa ránṣẹ́ síra wọn. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀jẹ̀ ń ṣe é báyìí."

"Mi ò tíì kọ́ ọ."

"Ta ló máa bi ẹ́? Àbí o fẹ́ já ni?"

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe é. Ó gba dísìkì náà.

Òun nìyí níwájú kọ̀ǹpútà wàyí. Ó ki dísìkì bọ inú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Aṣọ funfun kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó wọ inú ìkòkò, ó dúdú kirikiri níbẹ̀, ó sì jáde. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Harriet nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ìdílé aláró ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní Igbein.

"Àsíátù, ìwọ lo kọ ètò yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Aṣọ yìí dúdú kó tó jáde nínú ìkòkò. Àwọ̀ wo ni aṣọ máa ń ní tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú aró?"

"Ó máa ń rí bí ewé tútù, mà. Atẹ́gùn ló máa ń sọ ọ́ di dúdú." Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ òun. Bándélé kò rí ìkòkò aró rí.

"Ó dáa. Àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀. Jókòó, tún un ṣe níṣojú wa. Jẹ́ kó dúdú níta."

Ìyáàfin náà ṣí àwọn ìlà ètò náà sílẹ̀ gbagada. Àsíátù ń wò ó, kò sì mọ ohun tó ń wò. Níbo ni kí ó fi atẹ́gùn sí? Ṣé inú aṣọ ni, àbí inú ìkòkò, àbí kí ó dá atẹ́gùn fúnra rẹ̀ sílẹ̀? Ó wo Dìran. Dìran ń wo àjà. Ó lè sọ pé dísìkì ti bàjẹ́. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀, ẹ̀rù sì ń tì í pé kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí irọ́ àkọ́kọ́ ti fà wá ju ìyẹn lọ.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Ìyáàfin Harriet ní kí ó mú ètò tirẹ̀ wá. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kò sóhun tó burú nínú C++," ó sọ fún gbogbo kíláàsì. "Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tó sì díjú, ọ̀nà yẹn máa ń dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n rìn, màá kọ́ yín. BASIC náà kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó lo èyí tó lè tún ṣe nígbà tó bá bàjẹ́." Ó wá yíjú sí Àsíátù. "Ètò tìẹ yìí ì bá yege. Èyí tí o gbé wá ni mo máa kà sí ìdánwò ẹ. O já."

Láti Ìbarà títí dé Aké tí ilé wọn wà, Àsíátù kò mọ ẹni tó kí òun lójú ọ̀nà. Ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì rò ó bó ṣe rí, kò fi ẹyọ kan pamọ́.

"O ṣáà lè sọ pé ìdánwò le," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Kò le, bàbá. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé ohun tí mo mọ̀ kò tó ni."

"Lọ bá ìyá ẹ nídìí aró. Bí ọdún bá yí po, wá tún sọ ohun tí o fẹ́ fún mi. Mi ò ṣèlérí o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí ẹ̀rù ìdánwò kì í bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé òun máa já ló mú Àsíátù ju ohun tó mọ̀ nù, tó fi gbé ohun tí kò yé e, ohun tó sì ń sá fún náà ló bá a. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rù fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ gbé ti ẹlòmíràn.