Ohun Tí Bàbá Rí Tí Kò Lè Sọ

"Yọ ọ́ jàre. Ẹja wo ló fẹ́ kú nítorí ìwọ̀nba àkókò tí a máa fi na irun?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń na irun dání, ó ń wá ibi tí yóò kì í bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Igbákejì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí dígí ńlá tó gba ìdajì ògiri pálọ̀, ó ń wo àwọn wáyà tó wọ inú ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti pọ́ńpù tó ń yí omi ká, ọ̀kan jẹ́ ti iná tó ń tàn sórí ẹja, èyí tó kù jẹ́ ti hítà, ọ̀pá dúdú kan tó ń mú kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú iná tó wà ní yàrá ti jó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà mú débi pé èémí ń yọ bí èéfín lẹ́nu àwọn tó ń kọjá lójú títì.

"Bàbá wà níbẹ̀," ni Igbákejì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ọkùnrin tó jókòó sórí àga onítáyà nítòsí àpótí náà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì yíjú padà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Igbákejì, ṣùgbọ́n kò dùn ún tó kí ó sọ pé rárá. Ọjọ́ náà ni ayẹyẹ ìdágbére àwọn tó ń parí ilé-ìwé girama. Wọn yóò ya fọ́tò, gbogbo ẹgbẹ́ wọn sì ti na irun wọn gbọọrọ. Kò fẹ́ kí tirẹ̀ dá yàtọ̀. Ó ki ọwọ́ sẹ́yìn àpótí, ó fa wáyà hítà yọ.

"Áà! Áà!" ni bàbá rẹ̀ ń wí. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó nàka sí ẹ̀yìn àpótí.

"Màá dá a padà, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò dá a padà. Irun kò tíì nà tán tí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn fi ń fọn fèrè níta. Àwọn méjèèjì fi eré sí i, ilẹ̀kùn pa dé gbàgà lẹ́yìn wọn, wáyà hítà sì wà nílẹ̀.

Kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó gbé bàbá náà dè, fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ bàtà, yóò sì sọ pé, "Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wá òtútù kiri. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá àwọn tó ń fẹ́ ooru." Àwọn tó ń fẹ́ ooru ni ẹja inú àpótí. Ẹja òkun ni wọ́n, kì í ṣe ti odò, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń po iyọ̀ mọ́ omi wọn. Ó kó òkúta sí ìsàlẹ̀, ó lẹ iyùn mọ́ wọn lára, ó sì fi edé àti ìgbín òkun sáàárín wọn. Kì í ṣe iyùn tí wọ́n ń so mọ́rùn. Iyùn ààyè ni, tó ń là bí òdòdó tí iná bá tàn, tó sì ń pa dé tí ilẹ̀ bá ṣú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá a gbé korobá, ló ń bá a ka tẹmómítà. Bó ṣe di "Igbákejì Ọ̀gá" nìyẹn, tí orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Láti ìgbà tí ahọ́n bàbá náà ti wúwo, àpótí yìí nìkan ló kù tó ń mú un rẹ́rìn-ín. Ẹja méjì kan wà níbẹ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni wọ́n ní, pẹ̀lú ìlà funfun lára. Bó bá fi ìka kan dígí, wọn a máa tẹ̀ lé ìka náà lọ sókè, wọn a sì tún tẹ̀ lé e bọ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tí Igbákejì dé láti ibi ayẹyẹ, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ. Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, wà ní yàrá, ó ń bá bàbá pààrọ̀ aṣọ. Igbákejì wo àpótí. Àwọn ẹja fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú yanrìn, wọn kò fẹ́ mira. Iyùn ká jọ bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ omi. Omi náà tutù bíi ti inú kànga.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láìmọye ìgbà pé bí omi bá tutù, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mú un gbóná, nítorí ẹja tó ti fara da òtútù kò lè fara da ìkánjú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ ti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ dé. Igbákejì fẹ́ kí ẹja ti máa lúwẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó wọlé. Ó ki wáyà padà sínú ògiri, ó sì yí bọ́tìnì hítà títí kò fi lè yí mọ́.

"Tí mo bá jẹun tán, màá dín in kù," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ó jẹun. Lẹ́yìn náà fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sórí fóònù, Tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn yòókù ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Orí fóònù náà ló sùn sí.

Igbe ìyá rẹ̀ ló jí i láàárọ̀. Nígbà tó dé pálọ̀, òórùn kan bí ti ẹja tó ti jẹrà gba imú rẹ̀. Iyùn ti funfun bí egungun. Àwọn edé ti pọ́n bí èyí tí wọ́n bọ̀. Ọ̀kan nínú ẹja abìlà méjèèjì ti léfòó, ó dẹ̀gbẹ́ sókè. Èkejì wà lójú omi, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹni tó ń wá èémí kiri.

Ìyá ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ fún wọn, kò sì pẹ́ tó fi dé. Ó ki tẹmómítà tirẹ̀ bọ omi, ó mi orí.

"Omi yìí ti gbóná ju ohun tí wọ́n lè fara dà lọ, ìyá. Bí omi bá sì ti gbóná tó báyìí, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí á dín kù nínú rẹ̀. Ẹ wo bí èyí ṣe ń mí gúlegúle."

"Àbí hítà ló bàjẹ́?" ni ìyá béèrè.

Ọkùnrin náà fa ọ̀pá dúdú náà jáde, ó nù ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Èyí tó bàjẹ́ wà lóòótọ́, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́tìnì rẹ̀, ó ti dé òpin. Hítà yìí kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe." Ó tún wo iyùn. "Mo sì rò pé omi yìí kọ́kọ́ tutù gan-an. Ẹnìkan yọ wáyà, ó wá fi ìkánjú dá a padà."

Ìyá fẹ́ sáré lọ bu yìnyín. Ọkùnrin náà dá a dúró. "Ẹ má da yìnyín sí i o! Ìkánjú ló pa àwọn tó ti kú, ẹ má jẹ́ ká fi ìkánjú pa ìyókù." Ó ní kí wọ́n rọ omi tútù sínú ike, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n sì jẹ́ kó léfòó nínú àpótí kí ooru lè máa wálẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bọ omi, ó sì ń ṣa òkú ẹja, òkú edé àti òkú ìgbín inú òkúta, kí wọ́n má baà jẹrà kí wọ́n sì tún ba omi jẹ́.

Nígbà tó lọ tán, ìyá yíjú sí àbúrò rẹ̀. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ tí àǹtí ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé ló ti wà lọ́dọ̀ wọn. Òun ló ń wẹ bàbá, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń fi òróró fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ta ló wà nílé lánàá?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbálẹ̀, mo nu dígí. Mi ò fọwọ́ kan wáyà kankan."

"Bàbá ò fi nǹkan kan hàn ọ́?"

Àǹtí kì í purọ́. "Wọ́n nàka lọ́sàn-án. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, mo fún wọn lómi mu. Wọ́n tún nàka, mo rò pé iná yẹn ló ń dùn wọ́n lójú. Mo bá yí àga wọn sójú fèrèsé."

"Wọ́n ń pè ọ́ síbi tó o ti ṣe aburú, o wá yí wọn kẹ̀yìn sí i?"

"Áà! Áà!" Bàbá ti gbé ọwọ́ òsì. Kò nàka sí àpótí, kò sì nàka sí àǹtí. Ọmọ rẹ̀ tó fara ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló nàka sí.

Igbákejì sún sẹ́yìn.

"Ẹ ò rí i?" ni ìyá wí, omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ọmọ wọn ni wọ́n ń fi hàn mí. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló yẹ kó máa fọwọ́ kan nǹkan wọn, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Bàbá pariwo títí itọ́ fi ń dà sí àyà rẹ̀. Bó ṣe ń pariwo sí i ni ìyá ń bínú sí àbúrò rẹ̀ sí i. Àǹtí wá wo ọmọbìnrin náà.

"Igbákejì, ìwọ sọ ọ́. Ṣé o rí mi nídìí wáyà yẹn rí?"

Gbólóhùn kan péré ni. Ó ti dé ahọ́n rẹ̀. Ó ro bí ìyá rẹ̀ yóò ti pariwo, ó ro fóònù tí wọn yóò gbà, ó sì wolẹ̀. "Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò sí nílé."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àǹtí di ẹrù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja abìlà tó kù ti kú.

Láti ọjọ́ náà, ilé wọn kò rójú. Ìyá kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, Igbákejì sì ń lọ kọ ìdánwò àṣekágbá, bàbá wá ń dá wà láàárín àwọn méjèèjì. Igbákejì kì í lè wo ojú rẹ̀. Bó bá ń fún un lóúnjẹ, ṣíbí ló máa ń wò. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, yóò ka ìbéèrè kan títí, kò ní mọ ohun tó kà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilé-ìwé dé, ó bá àga onítáyà tó dojú dé. Bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó fẹ́ dá gbé ife omi lórí tábìlì ló ṣubú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkè àjà, kò sì tilẹ̀ pariwo mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọwọ́ náà ti kán. Wọ́n dì í láti èjìká dé ìka. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Igbákejì ti sọ ọ́, láìgbójú sókè. "Màámi, èmi ni. Èmi ni mo yọ wáyà, nítorí irun. Èmi náà ni mo yí bọ́tìnì dópin. Èmi ni Bàbá ń nàka sí."

Ó retí ìgbátí, ó retí ariwo. Kò rí méjèèjì. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n sọ fún mi," ló wá wí. "Ọkọ mi sọ fún mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ bá àǹtí. Ilé ìtura kan ló ti ń fọ yàrá, ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ló ń sùn, nínú yàrá tóóró kan tí òun àti obìnrin mìíràn jọ ń gbé. Igbákejì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì bí ọkùnrin, kò mọ̀ pé òun kò kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá náà bẹ àbúrò rẹ̀ kó jẹ́ kí wọ́n jọ padà sílé.

Àǹtí fa ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọdé ni ọ́, ẹ̀rù ló bà ọ́." Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Màá máa wá wo ọkọ yín ní ọjọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ilé tí wọ́n ti tètè gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nípa mi, mi ò lè sùn níbẹ̀ mọ́. Oorun ò ní kùn mí."

Ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà, òjò sì ń kán díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé inú wọn á tún yọ́ sí wa, Màámi?" ni Igbákejì béèrè.

"Mi ò mọ̀," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ká ní o ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ẹja nìkan là bá máa sunkún rẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó gbàgbé wáyà nílẹ̀ lè tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tó jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn jìyà ohun tí ọwọ́ òun ṣe, lè rí ìdáríjì gbà lọ́jọ́ iwájú, kí ó má sì rí ohun tó bàjẹ́ tún ṣe. Ẹ sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ ṣì lè ran ẹnìkan lọ́wọ́.